Òǹtẹ̀ Àlàájì Abdulrauf àti Ìbéèrè Kọkànlélógójì

Kí n tó dárúkọ Àlàájì Abdulrauf, ó yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ dìde dúró, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Saudi, lọ́dún 1994. Ẹ ti dìde? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ má baà ro yín, nítorí oyè ọkùnrin náà pọ̀. Òun ni Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́, Olùdarí Àgbà fún Ọ̀ràn Òfin, àti Olùtọ́jú Òǹtẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń gbé Jẹ́dà àti agbègbè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun nìkan ló wọ kóòtù àti táì wá, gbogbo ènìyàn sì rò pé ó ti ní láti wà nípò kan níbì kan.

Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí o bá bi í léèrè, á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Mo wà ní ipò ìfọkàntán." O ò ní tún bèèrè mọ́.

Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á péjọ sí pálọ̀ rẹ̀. Àga Àlàájì ga ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí ó ti fi bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Nojeem akọ̀wé máa ń jókòó sí. Nojeem kì í ṣe òmùgọ̀ o. Àwọn òbí rẹ̀ rán an níwèé, ó sì ka ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́wàá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ń jẹun. Bí Àlàájì bá ní ooru mú, Nojeem á ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì." Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí Àlàájì ní òtútù ti pọ̀ jù, Nojeem tó ṣì ń làágùn á fọwọ́ gbá apá mọ́ra, á ní, "Òótọ́ lẹ sọ." Àwọn yòókù á gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé orí òǹtẹ̀, nítorí òun ni ọba. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Jarwal, nítòsí Haramu, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, ló gbẹ́ ẹ. Àlàájì ní kó ya òṣùwọ̀n ìdájọ́ sí àárín. Nígbà tó yà á tán, Àlàájì ní òṣùwọ̀n nìkan kò dẹ́rù bani tó, kó fi igi dábínù sókè, kó fi idà sísàlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Wọ́n kọ ọ́ yí i po pé: A TI RÍ I, Ó SÌ TỌ̀NÀ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣòfin méjì fún ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ìròyìn tí òǹtẹ̀ òun kò bá sí lára rẹ̀, àhesọ ni. Èkejì ni pé ìròyìn tí òǹtẹ̀ òun bá ti kàn, kò lè bàjẹ́ mọ́ láéláé.

Ó sì ní ìròyìn lọ́wọ́. Nígbà ogun Kúwéètì, ará India kan tó ń gbé òdìkejì ilé rẹ̀ kó ẹrù padà sílé pátápátá, ó gbé páálí ìwé ìròyìn kan sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn agbálẹ̀ lè wá gbé e. Àlàájì gbé e ṣáájú àwọn agbálẹ̀. Ìwé ìròyìn India ti ọdún 1988 àti 1989 ló kún inú rẹ̀. Ó jókòó ọjọ́ mẹ́ta, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, ó sì pe páálí náà ní Ilé Ìkàwé Òfin.

"Baba Aziza," ni Múríkàtù ìyàwó rẹ̀ wí, "àwọn ìwé yìí ti pọ́n."

"Òfin kì í darúgbó," ni ó dá a lóhùn. "Ẹja ló ń bàjẹ́."

Múríkàtù padà sí kíṣìnì rẹ̀. Obìnrin tó ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin fún ogún ọdún mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti tó.

Hikmah, ọmọ Naheem tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ilé-ìwòsàn tí Kulthum ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ìkámà gbogbo ìdílé náà, ìyẹn ìwé ìgbélùú wọn, sì jẹ́ ti Mẹ́kà. Bahra ni wọ́n ń gbé, ìlú kékeré tó wà láàárín ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà, nítorí ibẹ̀ ni Naheem ti ń tọ́jú ilé-ẹrù ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkámà yẹn sọ́kàn. Àlàájì kò fi í sọ́kàn.

Láti kékeré ni Hikmah ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Àlàájà tó sọ ìwé ìrìnnà wọn nù, tí wọ́n sunkún wá bá ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá mọ òfin, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè pariwo mọ́ ọn ni òfin rẹ̀. Ó ní òun á di lọ́yà. Ilé-ìwé àwọn ará India ní Jẹ́dà ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì òfin kan ní gúúsù India tó ń gba ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, bó bá ti yege ìdánwò àbáwọlé.

Ìdánwò náà kì í ṣe kékeré. Apá tó le jù nínú rẹ̀ ni ọ̀ràn òfin tó ń lọ lọ́wọ́: òfin wo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, èwo ni ilé-ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó, kí ló yí padà láàárín ọdún. Asma, tíṣà rẹ̀ tó wá láti Hyderabad, ló ń kọ́ ọ lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Bí Hikmah bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn àtijọ́, Asma á gbé ọwọ́ sókè. "Má sọ ohun tí òfin jẹ́ nígbà tí wọ́n bí ọ fún mi. Kí ló jẹ́ láàárọ̀ yìí?"

Ìwé ìròyìn tí wọ́n sì ń lò? Bahra ló ti ń wá. Àpótí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó bá ti India dé máa ń kún fún ìwé ìròyìn tí wọ́n rún sáàárín ẹrù kó má baà fọ́. Naheem á tú wọn, á fọwọ́ nà wọ́n, á fi gíríìsì kùn wọ́n láìmọ̀ọ́mọ̀, á kó wọn lọ sílé. Hikmah á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Ìwé tó pẹ́ jù nínú wọn kì í ju oṣù méjì lọ.

Wàyí o, ní Saudi, wọn kì í mú lẹ́tà wá sílé ẹni; inú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni gbogbo lẹ́tà ń lọ. Ẹgbẹ́ ní àpótí kan, Àlàájì ló sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ Hikmah fún ìdánwò náà dé láti India, òun ló já a. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó rí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí olórí kan fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọmọ náà, ó sì pa fọ́ọ̀mù dé. Kí ló tún fẹ́ kà? Wọ́n ti dárúkọ olórí. Ta ni olórí tó tún kù ní gbogbo etí Òkun Pupa?

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì India kọ̀wé sí mi," ni ó sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́bọ̀ náà. "Wọ́n ní àwọn kò lè gba ọmọ kankan láti ilẹ̀ Lárúbáwá láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i."

"Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì."

"Nítorí náà, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ dán an wò. Mi ò ní rán ọmọ tí yóò dójú ti Nàìjíríà lọ sí India."

Ó ti fọ́ọ̀mù mọ́ inú báàgì aláwọ rẹ̀, ó ní ọwọ́ ọmọdé á mú un dọ̀tí. Hikmah tí orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí India wà lára ìwé náà kò fojú kàn án.

Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ni Àlàájì ṣètò. Àádọ́rùn-ún jẹ́ ti India, ó sì mú ìdáhùn wọn láti inú páálí. Mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti òfin ilẹ̀ tí a ń gbé, ó mú ìdáhùn wọn láti ara pátákó pálọ̀ rẹ̀, níbi tó máa ń lẹ ìkéde ìjọba mọ́ lẹ́yìn tó bá ti tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba àádọ́ta máàkì ni yóò yege. Ní ìparí oṣù Shawwal, ìyẹn oṣù tó ṣáájú Dhul-Qa'dah tí èrò Haji ti ń dé, ni wọ́n ṣe é, ní pálọ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kulthum jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin. Naheem jókòó sórí ẹní lẹ́bàá bàtà, nítorí Àlàájì ti sọ fún un nígbà kan rí pé olùtọ́jú ilé-ẹrù kì í jókòó níwájú.

"Ìbéèrè kejìlá," ni Àlàájì kà. "Ọmọ ọdún mélòó ló lè dìbò ní India?"

"Méjìdínlógún, Àlàájì."

Àlàájì wo inú páálí. "Mọ́kànlélógún. Òdo."

"Wọ́n ti yí i padà lọ́dún 1989, Àlàájì."

"Àwọn wo?"

"Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin."

"Ṣé wọ́n kọ̀wé sí mi?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì," ni Nojeem wí. "Wọn ò kọ̀wé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Ó bi í bóyá òfin India ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ abúlé. Hikmah ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta, láti oṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Àlàájì rẹ́rìn-ín ìyọ́nú, ó gbé ìwé ìròyìn 1989 kan sókè, ó ní àbá yẹn ti ṣubú nílé ìgbìmọ̀ àgbà. Hikmah ní òótọ́ ni pé ó ṣubú nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé òmíràn wọlé, ó sì kọjá. Àlàájì fi ìka kan òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé ìròyìn náà. Òdo.

Wọ́n dé ìbéèrè kọkànlélógójì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ tòsí.

"Láti ọjọ́ wo nínú oṣù Dhul-Qa'dah ni ará Jẹ́dà tí kò gba ìwé Haji kò ní lè wọ Mẹ́kà mọ́, títí Haji á fi parí?"

"Lọ́dún yìí, ọjọ́ kìn-ín-ní ni, Àlàájì."

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó wà lára pátákó níbẹ̀ yẹn."

"Ti ọdún tó kọjá nìyẹn, Àlàájì. Wọ́n lẹ ìkéde tuntun mọ́ ògiri ilé-ìwòsàn Mọ́mì mi."

"Ṣé òǹtẹ̀ mi wà lára rẹ̀?"

"Rárá, Àlàájì. Òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lára rẹ̀."

Nojeem ti la ẹnu láti sọ pé òótọ́ lẹ sọ, ó wá rántí pé kì í ṣe Àlàájì ló sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé. Àlàájì fa gègé jáde, ó kọ òdo kan tó tóbi ju àwọn tó kù lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, máàkì mọ́kàndínláàádọ́ta ló ní. Máàkì kan péré ló fi dín.

Naheem wọ́ dé iwájú, ó dọ̀bálẹ̀. "Àlàájì, ẹ dákun. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù á fi padà dé India kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Bí ọdún yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá káfílù, ọ̀gá tó mú mi wọ ilẹ̀ yìí, ṣì máa fi mí síṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé a ó ti padà sílé."

"Naheem, ẹrù lo mọ̀," ni Àlàájì dá a lóhùn. "Má dá sí ọ̀ràn òfin."

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, Àlàájì, òun ni wọ́n fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀."

"Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà," ni Àlàájì fi dáhùn, ó sì fọwọ́ lu páálí ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní ti àkísà, ẹ jẹ́ ká gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Asma. Asma gbọ́ pé Purofẹ́sọ̀ Fadl, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wá ṣe Úmúrà, ó sì wọ̀ sí Jarwal. Ó tẹ̀ ẹ́ láago. Purofẹ́sọ̀ ní kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù náà wá fún òun lọ́wọ́ sí ọwọ́, kó tó di ìrun Alásárì lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí láti ibẹ̀ lòun ó ti gba pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Bí ó bá gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́, kò ní tètè dé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlàájì, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Purofẹ́sọ̀! Láti India! Ó kéde pé Purofẹ́sọ̀ ń wá kí òun. Ó yá gbọ̀ngàn kan ní al-Hujun ní Mẹ́kà, ó háyà bọ́ọ̀sì fún ogún ènìyàn, ó ní ayẹyẹ ìfọwọ́síwèé ńlá ni àwọn ó ṣe lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta Dhul-Qa'dah. Ó gba télọ̀ láti rán gáùn dúdú lọ́yà. Ó kù fìlà irun funfun tí àwọn adájọ́ máa ń dé. Wọn ò rí i rà ní gbogbo Jẹ́dà. Àlàájì wá fi ojú sí awọ àgùntàn funfun tó fi bo ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àlùmágàjí.

"Baba Aziza," ni Múríkàtù wí, "ọdún mẹ́fà lẹ ti ń jókòó lé e."

"Gé e," ni ó wí. Múríkàtù gé e.

Ó ránṣẹ́ pe Hikmah àti àwọn òbí rẹ̀. Ó ní nítorí pé aláàánú ni òun, òun á fún un ní àǹfààní kan. Lórí pèpéle, níwájú Purofẹ́sọ̀, òun á tún bi í ní ìbéèrè kọkànlélógójì. Bó bá sọ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, yóò pé àádọ́ta, òun á sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Àlàájì," ni Hikmah sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "ọjọ́ kẹta lẹ fẹ́ lọ. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ kọjá. Ẹ fún wa ní fọ́ọ̀mù náà níbí, àwa tí ìkámà wa jẹ́ ti Mẹ́kà á mú un lọ."

"Ṣé o gbọ́ ọ, Nojeem? Ó fẹ́ kí n dúró sílé."

"Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì."

Ní Bahra, Kulthum ń bẹ ọmọ rẹ̀. "Hikmah, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kí o sọ. Gbólóhùn kan péré ni. Gba ìwé rẹ, kí o máa lọ."

Hikmah wọ yàrá, ó sunkún débi pé ìwé ìròyìn tó ń lọ̀ tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún méjì ló ti ń fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ohun tí òfin jẹ́ láàárọ̀ òní. Bí ó bá sọ̀rọ̀ bí Àlàájì ṣe fẹ́, India ṣí sílẹ̀ fún un. Bí kò bá sọ ọ́, Bahra ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Nígbà tó jáde, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò tíì mọ ohun tí òun á sọ. Naheem ní kó jẹ́ káwọn dé ibẹ̀ ná.

Ọjọ́bọ̀ pé. Bọ́ọ̀sì Àlàájì gbéra láàárọ̀, ó kọjá Bahra. Naheem wa ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tẹ̀lé wọn, òun àti Kulthum àti Hikmah. Àlàájì jókòó síwájú, ó wọ gáùn, ó dé awọ àgùntàn rẹ̀, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Oòrùn ń pa á kú lọ. Ó ń tún ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ sọ nínú ọkàn: ó máa sọ pé òun kò tóbi tó bí ayé ṣe ń sọ, Purofẹ́sọ̀ á ní irọ́ ni, ó tóbi.

Wọ́n dé ibi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé wò. Ọlọ́pàá kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí yọjú. Ó gba ìkámà díẹ̀, ó wò wọ́n.

"Jẹ́dà. Ìwé Haji dà?"

"A kò ń lọ ṣe Haji," ni Àlàájì fi èdè Lárúbáwá inú ìwé dáhùn, ìyẹn èdè Lárúbáwá tí ẹnikẹ́ni kì í fi ra búrẹ́dì. "Ayẹyẹ òfin là ń lọ ṣe. Òfin sì gbà wá láyè títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Mamnúù," ni ọlọ́pàá wí. Kò gbà nìyẹn. "Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Ó ti múra sílẹ̀ de àwọn aláìmọ̀kan. Ó fa ìkéde ara pátákó rẹ̀ jáde, ó ti fi rọ́bà bò ó, ó sì nà án sí ọlọ́pàá bí ẹni nà owó sí alágbe. Ọlọ́pàá kà á, ó yí i padà, ó tún yí i síwájú.

"Ti ọdún tó kọjá lèyí." Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Òǹtẹ̀ ta ni èyí?"

"Tèmi ni," ni Àlàájì fi ìgbéraga sọ.

"Ta ló fún ọ ní igi dábínù? Ta ló fún ọ ní idà?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ náà, ẹ mọ̀ pé igi dábínù àti idà kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé sórí òǹtẹ̀ ara rẹ̀. Àmì ìjọba ni. Àlàájì yíjú wo Nojeem. Ní ọjọ́ yẹn, Nojeem rí ohun kan tó yẹ ní wíwò ní ìta fèrèsé.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀," ni ọlọ́pàá wí.

Wọ́n to gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oòrùn mú awọ àgùntàn, òórùn ọdún mẹ́fà sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ọlọ́pàá gba ìkámà Àlàájì, ó kà á sókè kí ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọ̀wé lè gbọ́. "Abdulrauf. Ará Nàìjíríà. Iṣẹ́: amín mustawda'." Hikmah àti àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn wọn nígbà náà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ náà ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Olùtọ́jú ilé-ẹrù.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Naheem ló súnmọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè. "Àlàájì, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Ẹ ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá, à bá ti máa ran ara wa lọ́wọ́."

Ìyẹn dun Àlàájì ju èébú lọ. Ká ní Naheem bú u ni, ì bá rí èsì fún un.

Ọlọ́pàá ṣí báàgì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kó nǹkan jáde: òǹtẹ̀, tàdáwà, ìyarun, dígí, ìwé ìdánwò Hikmah, àti fọ́ọ̀mù kan tí fọ́tò ọmọbìnrin wà lára rẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó wo Hikmah.

"Tìrẹ ni?"

"Tèmi ni."

Ó nà án sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ Hikmah kan fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú títì, bí Asma ṣe kọ́ ọ, kò fo ìlà kankan. Nígbà tó dé ìdajì, ó dúró, ó tún ìlà kan kà, ó wá kà á fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá: olórí ẹ̀ka kan ní ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn, tó ti mọ ọmọ náà fún ọdún méjì, ni kó fọwọ́ sí i. Olórí ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀.

"Sakina," ni Kulthum sọ. Sakina ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn rẹ̀, òun ló gbẹ̀bí Hikmah.

Wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀. Ìkámà wọn jẹ́ ti Mẹ́kà, ọ̀nà là fún wọn. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá pe ọmọbìnrin náà padà, ó gbé òǹtẹ̀ dání. "Ìwọ gbọ́ Lárúbáwá dáadáa. Ọkùnrin yìí, ṣé ó ń fi èyí ṣe ìwé ìjọba? Ṣé ó ń fi ṣe ìkámà? Sọ òótọ́."

Àlàájì wò ó. Ẹ má gbàgbé pé Hikmah lè sọ ohunkóhun. Bí ó bá sọ pé òun ò mọ̀, inú àhámọ́ ni ọkùnrin yìí máa ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Àti pé kí ni Àlàájì fún un rí? Òdo mọ́kànléláàádọ́ta. Láti ọjọ́ tó ti ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè, kò tíì fetí sílẹ̀ de ìdáhùn kankan bẹ́ẹ̀ rí.

"Rárá," ni Hikmah wí. "Ìwé ìròyìn àti ìkéde ara pátákó rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹnikẹ́ni rí. Kò ní òfin kankan lọ́wọ́."

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo awọ àgùntàn orí Àlàájì fún ìgbà pípẹ́. Bóyá awọ náà ló gbà á là. Wọ́n gba òǹtẹ̀, wọ́n mú kó tẹ̀ka sí ìwé pé òun kò tún ní gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn padà sí Jẹ́dà.

Ọkọ̀ Naheem ti lọ. Kí bọ́ọ̀sì tó padà dé Bahra, Sakina ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lórí kọ́ńtà ilé-ìwòsàn, kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kó tó di Alásárì, ó ti wà lọ́wọ́ Purofẹ́sọ̀ Fadl, tí kò gbọ́ orúkọ Àlàájì Abdulrauf rí láyé rẹ̀, tí kò sì ní gbọ́ ọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún Àlàájì àti Nojeem. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àlàájì bọ́ irun àgùntàn, ó fi sórí itan.

"Àlàájì," ni Nojeem bi í, nígbà tó pẹ́, "kí ni ká kọ sára pátákó báyìí? Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ kìn-ín-ní ni."

"Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì."

Àlàájì yíjú wò ó. Ohùn kan náà ni, ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan náà. Bí Nojeem ṣe sọ ọ́ fún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà nìyẹn. Ó ti ń sọ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí Àlàájì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun tọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti sọ fún un ibi tó ti ṣìnà. Ojú tì í, ó sì jẹ́ kó tì í, kò wá ọ̀rọ̀ kankan bò ó.

Ó ṣí báàgì, ó mú ìwé ìdánwò Hikmah jáde, ó wá ìbéèrè kọkànlélógójì. Ó fa igi lé òdo ńlá náà, ó kọ oókan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó pa mọ́kàndínláàádọ́ta rẹ́, ó kọ àádọ́ta. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ṣì kù láti tún ṣe lókè níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú báàgì lọ wá òǹtẹ̀ tó máa fi kàn án, ó táràrà kiri, kò bá nǹkan kan.

Nojeem ti nà ọrùn wo ìwé náà. "Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájì," ni ó wí.

Àlàájì kò tíì sọ nǹkan kan.